Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Ìwọ̀n Ọkọ̀ Ojú Omi Ìdílé ní Lẹ́kkí àti Ajah

Ẹ kú ìfaradà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú mọ́tò ni ẹ wà báyìí, láàárín Jakande àti Ajah, tí mọ́tò ò lọ síwájú, tí kò sì padà sẹ́yìn. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀sà wà lápá òsì, òkun wà lápá ọ̀tún, kò sì sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí ìkankan nínú méjèèjì.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi ń wọlé sí wa lemọ́lemọ́. Àwọn ènìyàn ń béèrè pé: "Mo fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi fún èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ, ká máa fi ṣeré lópin ọ̀sẹ̀. Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó?" Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbéèrè tuntun. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan tí àwọn ará etí ọ̀sà ti ń bi ara wọn. Lónìí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe dáhùn rẹ̀ láyé àtijọ́, ká tó wá sọ̀rọ̀ ọjà. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi gan-an ni wọ́n ń sọ, bí wọn ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Odò Ẹyọ Márùn-ún

Ẹ wo odò tó ya Ìkòyí sọ́tọ̀ kúrò lára Victoria Island àti Lẹ́kkí. Àwọn òyìnbó ń pè é ní Five Cowrie Creek, ìyẹn Odò Ẹyọ Márùn-ún. Ohun tí àwọn ará Èkó máa ń sọ nípa orúkọ yìí ni pé owó ẹyọ márùn-ún ni wọ́n ń san fún atukọ̀ kó tó gbé ènìyàn kọjá. Nígbà tí owó ẹyọ jẹ́ owó, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni afárá.

Ọkọ̀ tó ń gbé èrò kọjá odò tóóró kò nílò láti tóbi. Ẹnì kan ló ń fi àjẹ̀ tàbí ọ̀pá tù ú, ìwọ̀nba èrò ló sì ń gbé, kó lè tètè lọ, kó tètè bọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ìtàn kọ́ wa nìyí: iṣẹ́ tí ọkọ̀ máa ṣe ló ń pinnu bó ṣe máa tóbi tó. Ipò ẹni tó ni ín kò bá a wí.

Lónìí, afárá méjì tó gbajúmọ̀ ló kọjá lórí odò kan náà: ti Falomo, àti ti Lẹ́kkí sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí ní 2013. Owó ẹyọ ti di owó náírà, ìyẹn owó ibodè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbà lórí afárá kejì. Ṣùgbọ́n odò náà ṣì wà níbẹ̀, ọ̀nà kan náà sì ni àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń gbà lónìí bí wọ́n bá ń ti Lẹ́kkí Phase 1 lọ sí Tarkwa Bay tàbí Ìlàṣẹ.

Oríṣi ọkọ̀ mẹ́ta

Kí ọkọ̀ tó dé ọ̀sà wa, ó ti pẹ́ tí ènìyàn ti ń gbẹ́ ẹ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní ibi tó wà nínú Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, ló bá kan igi líle nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wú u, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 8.4, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ kò ju ìdajì mítà lọ. Ẹ fi ìwọ̀n yẹn sọ́kàn: ó gùn, àmọ́ ó tẹ́ẹ́rẹ́. Igi ló fa èyí. Ẹni tó bá gbẹ́ ọkọ̀ láti ara ìtì igi kan ṣoṣo lè gba gígùn tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò lè gba ìbú tó ju ti igi náà lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá igi ńláńlá bí àràbà, ìrókò àti ọ̀gànwó. Nígbà tó yá, àwọn agbẹ́kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi pákó kún ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kó lè ga sí i, kí omi má baà tètè wọlé.

Ní etí ọ̀sà wa, a lè pín ọkọ̀ àtijọ́ sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ kékeré tí ẹnì kan tàbí méjì ń wọ̀, èyí tí apẹja fi ń dẹ àwọ̀n, tí obìnrin fi ń ná ọjà ẹja, tí ọmọdé sì fi ń kọ́ bí a ṣe ń tukọ̀. Ẹ lọ sí Makoko lónìí, ẹ óò rí ọmọ kékeré tó ń tu ọkọ̀ tirẹ̀ lọ sí ilé ìwé, ọkọ̀ náà kò sì tóbi ju agbára apá rẹ̀ lọ. Èkejì ni ọkọ̀ òwò, tó ń kó iyọ̀, ẹja, aṣọ àti epo láàárín Èkó, Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú àti Àgbádárìgì. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ ogun, tí ọba tàbí ìjòyè ńlá nìkan lè ní, nítorí pé ọ̀pọ̀ atukọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ kó tó lè rìn.

Báwo ni àwọn tó tóbi jù ṣe tóbi tó? Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí tó kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, sọ pé ní apá Bonny, ní ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, òun mọ ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi kan ṣoṣo tó lè gba ọgọ́rin ènìyàn. Ní ti Èkó fúnra rẹ̀, oníṣẹ́ abẹ kan ará Jámánì, Andreas Josua Ulsheimer, dé ibẹ̀ ní 1603. Ó bá a ní ìlú ààlà ọba Bìní, tí àwọn ọmọ ogun ń gbé, tí àwọn oníṣòwò sì ń gba ojú omi àti orí ilẹ̀ wá síbẹ̀. Ìlú tí omi yí ká ni. Ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ náà sì ni apá rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìdílé kan kì í ní ọkọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi ṣe gbogbo nǹkan. Ọkọ̀ kékeré jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ńlá jẹ́ ti agbo ilé. Ọlọ́gbọ́n kì í gbé ọkọ̀ ogun lọ dẹ àwọ̀n ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìyà tó ń jẹ púpọ̀ nínú àwọn tó ń ra ọkọ̀ ìgbafẹ́ lónìí ni pé wọ́n ń wá ọkọ̀ kan tó máa fa ọmọ lórí rọ́bà nínú odò, tó máa gbé ogún àlejò lọ sí etíkun, tó tún máa wọ inú òkun láti lọ pẹja. Kò sí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ńlá gúnlẹ̀ sórí iyanrìn

Ẹ jẹ́ ká lọ sí oṣù Kejìlá ọdún 1851. Kòsọ́kọ́ wà lórí ìtẹ́ ní Èkó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ yọ ọ́, kí wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Wọ́n kó ọkọ̀ ogun wọlé, lára wọn ni HMS Bloodhound àti HMS Teazer, ọkọ̀ tó ń lo ooru omi, tó ní ìbọn ńláńlá. Kò sí ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ kankan ní Èkó tó lè dojú kọ wọ́n ní ti agbára. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù náà, méjèèjì gúnlẹ̀ sórí iyanrìn nínú ọ̀sà, wọ́n há, wọ́n sì di ohun tí àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ ń yìnbọn sí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló borí nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ojú omi Èkó ní òfin tirẹ̀.

Kí ni Kòsọ́kọ́ ṣe? Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ló bá lọ. Òun àtàwọn ènìyàn rẹ̀ gba orí ọ̀sà lọ sí apá ìlà-oòrùn, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ti ń ṣòwò, tí wọ́n sì ń jagun. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, bá a ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun ò ní dá Èkó láàmú mọ́, wọ́n sì gbà pé Palma, ní etíkun ìhà Lẹ́kkí, ni ebúté òwò rẹ̀. Ẹ ò rí i bí? Ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń ra púlọ́ọ̀tì lórí rẹ̀ lónìí, ibi tí ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ń ti ọ̀sà bá òkun pàdé ni nígbà náà.

Ohun tó mú kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì há, tí ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ sì lọ, kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ọ̀sà wa kò jìn. Ọ̀sà Èkó fẹ̀ tó nǹkan bíi 208 kìlómítà ní ìbú lóròó, Ọ̀sà Lẹ́kkí sì fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó 247. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ojú ọ̀nà ọkọ̀ tí wọ́n wa jìn kúrò, ọ̀pọ̀ ibi ni jíjìn rẹ̀ kò tó mítà mẹ́ta, ibòmíràn kò sì tó mítà kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tó fẹ̀ bí òkun lójú, tó sì jẹ́ pé ọ̀pá lè kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ jìn jù yóò há níbẹ̀, bí owó rẹ̀ ti wù kó pọ̀ tó.

Ẹ̀kọ́ kejì nìyí: omi tí ọkọ̀ máa rìn lórí rẹ̀ ń bá iṣẹ́ tó máa ṣe pinnu ìwọ̀n rẹ̀.

Ìloro òkun

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà wà ní ẹnu ọ̀nà tí ọ̀sà ti bá òkun pàdé. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ògiri òkúta tó dá ìgbì dúró ní ẹnu ọ̀nà náà, ní nǹkan bíi 1908, iyanrìn tó wà níbẹ̀ jẹ́ ikú fún ọkọ̀. Ìgbì ń fọ́ lórí rẹ̀, ó sì ń yí padà lójoojúmọ́. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ti Liverpool bọ̀ kì í lè wọlé. Wọ́n máa ń kó ẹrù Èkó lọ sí Forcados, kí ọkọ̀ kékeré tó wá kó o wálé. Èrò tó sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá òkun, inú àga tí wọ́n so mọ́ okùn ni yóò jókòó sí, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ara ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń gbé sókè sódò.

Torí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé "ọkọ̀ ńlá ló láàbò jù", ẹ béèrè pé: níbo? Lórí agbami, òótọ́ ni. Lẹ́nu ìloro yẹn, ọkọ̀ kékeré tí atukọ̀ rẹ̀ mọ ìgbì ni ń gbé ènìyàn dé èbúté.

Àwọn ògiri òkúta yẹn náà ló bí Tarkwa Bay, omi tó parọ́rọ́ níbi tí àwọn ìdílé ń lọ ṣeré lónìí. Nígbà tó sì di 1932, àwọn òyìnbó tó ń gbé Èkó dá ẹgbẹ́ ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́, Lagos Yacht Club, sílẹ̀. Ìgbà náà ni lílo ọkọ̀ fún ìgbafẹ́ lásán bẹ̀rẹ̀ sí gba orúkọ ẹgbẹ́ ní Èkó. Ẹ má sì rò pé àwọn tiwa ò fi ọkọ̀ ṣeré o. Ìdíje ọkọ̀ wà ní Èkó àti Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú ìlù, orin àti aṣọ àǹkóò. Ṣùgbọ́n eré gbogbo ìlú ni. Kí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta kó sínú ọkọ̀ tiwọn ní Sátidé, kí wọ́n lọ máa fò kiri lórí omi, àṣà tuntun ni ìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì dé

Ohun tó sọ ọ́ di ṣíṣe ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀. Ole Evinrude, ọmọ Norway tó ń gbé Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1909. Yamaha ti Japan gbé tirẹ̀ jáde ní 1960, orúkọ yẹn sì ni ẹ óò bá lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ láti Badore títí dé Àgbádárìgì.

Ẹ́ńjìnnì yí ìṣirò padà. Láyé àjẹ̀, bí ọkọ̀ bá ti ń tóbi ni apá tó máa tù ú ń pọ̀ sí i, torí náà kò sí ẹni tó lè ní ọkọ̀ tó ju àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì mú ìdíwọ̀n yẹn kúrò. Ẹnì kan ṣoṣo lè wa ọkọ̀ tó gba ogún ènìyàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò ni pé apá tí a kò nílò mọ́ yẹn náà ni ojú tó ń wo ìgbì, ọwọ́ tó ń gbọ́n omi, ẹnu tó ń kìlọ̀. Ẹ́ńjìnnì tún gbé ẹrù sí ìdí ọkọ̀. Èyí tó ní agbára ẹṣin 115 lè ju 150 kílò lọ, ìyẹn ìwọ̀n àgbàlagbà méjì tí wọ́n jókòó sẹ́yìn láìdìde. Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ tí wọ́n gbẹ́ fún àjẹ̀ kò mọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí.

Ìjọba náà gbìyànjú ọkọ̀ ńlá. Lábẹ́ Gómìnà Lateef Jakande, ẹni tó ṣèjọba láti 1979 sí 1983, ìpínlẹ̀ Èkó gbé ọkọ̀ fẹ́rì jáde. Wọ́n sọ ọ̀kan ní Baba Kekere, ìkejì ní Itafaji, wọ́n sì ń ná ọ̀nà Mile 2 sí Marina. Ìjọba Jakande kan náà ló la ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ọ̀dà dé, àwọn ènìyàn kọ ẹ̀yìn sí omi. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ àgbà ń ti Langbasa wa ọkọ̀ lọ sí ọjà dàgbà di ẹni tí kò mọ̀ wẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a wá kún etí ọ̀sà pẹ̀lú iyanrìn, tí a kọ́ ilé aláràbarà síbẹ̀, tí a sì fi ibùdókọ̀ kékeré síwájú ilé. A padà sí omi pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ìmọ̀ tó yẹ kó bá owó rìn kò tẹ̀ lé e. Ohun tó sì mú kí ìbéèrè ìwọ̀n ọkọ̀ le nìyí, nítorí ẹ̀mí ọmọ ló wà nínú rẹ̀.

Ó dáa, kí wá ni ká rà?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣe é. Òfin ààbò ọkọ̀ ojú omi tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1971 ló mú kí wọ́n máa lẹ irin pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ara ọkọ̀ tí kò tó 20 ẹsẹ̀ bàtà. Irin yẹn ń sọ iye ènìyàn, ìwọ̀n ẹrù àti agbára ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ náà lè gbà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Èkó ṣì ní in. Bí ẹ bá bá a pé wọ́n ti yọ ọ́, tàbí tí wọ́n ti kùn ún bò, ẹ fura. Bí kò bá sí, ìṣirò kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò: ẹ fi gígùn ọkọ̀ lọ́nà ìbú rẹ̀, ní ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹ wá fi 15 pín in. Ọkọ̀ tó gùn ní 16, tó fẹ̀ ní 6, jẹ́ 96. Bí a bá fi 15 pín in, ó gba ènìyàn 6. Èyí tó gùn ní 18, tó fẹ̀ ní 7, gba 8. Ojú ọjọ́ tó dára ni ìṣirò yìí wà fún o. Kò mọ ìjì oṣù Kẹrin.

Àwọn ọkọ̀ tó ti Yúróòpù wá ní lẹ́tà lára, A dé D. D wà fún odò àti adágún tí ìgbì rẹ̀ kò ju 0.3 mítà lọ, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó lè dé ìdajì mítà. C lè gba ìgbì tó tó mítà 2. Bí ẹ bá fẹ́ máa gba iwájú èbúté Apapa kọjá lọ sí Tarkwa Bay, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ti ń da omi rú, ọkọ̀ D kò tó yín.

Ní báyìí, ẹ ka àwọn ènìyàn. Ẹ má ka ìdílé yín bó ṣe wà nínú fọ́tò o. Ẹ ka ẹni tó máa wọ ọkọ̀ ní tòótọ́: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, ìyá bàbá tó wá kí wọn láti Ìbàdàn, ọ̀rẹ́ ọmọ méjì, àti atukọ̀. Mẹ́sàn-án ti pé. Ẹ fi 75 kílò fún àgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi kúlà oníyìnyín kún un, àti ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù, torí a mọ ara wa. Bí ẹ bá máa fa ọmọ lórí rọ́bà tàbí lórí pákó, ẹ nílò ẹnì kan tó ń wakọ̀, ẹlòmíràn tó kọjú sẹ́yìn tó ń wo ọmọ náà, kí àyè ọmọ náà sì ṣófo nínú ọkọ̀ dè é. Ẹni tó wà lórí omi ṣì jẹ́ èrò ọkọ̀, torí ó máa padà wọlé nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àwọn ìwọ̀n mẹ́ta tó wà lọ́jà. Ọkọ̀ 14 sí 16 ẹsẹ̀ bàtà dára fún tọkọtaya àti ọmọ méjì, nínú odò tó parọ́rọ́, láàárọ̀, lẹ́bàá ilé. Ẹ́ńjìnnì 40 tó o, kò sì ní há kíákíá níbi tí omi kò ti jìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ga, kí ẹ má gbé e lọ sí èbúté. Èyí tó jẹ́ 18 sí 21 ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń wá láìmọ̀. Ó gba ènìyàn 6 sí 8 láìfún, ó lè fa rọ́bà, ẹ́ńjìnnì 90 sí 150 sì lè gbé e fò lórí omi. Èyí tó jẹ́ 24 sí 28 ni ti ìrìn àjò sí Ìlàṣẹ pẹ̀lú àlejò. Ẹ́ńjìnnì méjì ló dára fún un, kí ọ̀kan lè gbé yín délé bí èkejì bá kú. Ó nílò atukọ̀ tó mọ iṣẹ́, ibùdókọ̀ tí omi rẹ̀ jìn, àti àpò tó jìn ju omi náà lọ.

Ẹ gbọ́ ti epo. Àwọn atukọ̀ ní ìṣirò kan: bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré tán pátápátá, ó ń jẹ nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan fún agbára ẹṣin mẹ́wàá ní wákàtí kan. Ẹ́ńjìnnì 40 ń jẹ nǹkan bíi lítà 15. Ti 115 ń jẹ bíi lítà 43. Ẹ́ńjìnnì méjì tó jẹ́ 200 kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bíi lítà 150. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ìṣirò yìí ti di ẹkún fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ọkọ̀ ńlá. Ọkọ̀ tí epo rẹ̀ wọ́n ju kí a máa gbé e jáde lọ, etí omi ni yóò jókòó sí títí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò fi dípẹtà. Ọkọ̀ tí a kì í sì í wà, a kì í mọ̀ ọ́n wà.

Òfin àti ojú ọjọ́

Ní ti ìjọba, àjọ méjì ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. NIWA jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, òfin 1997 ló gbé e kalẹ̀. LASWA jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó, òfin 2008 ló gbé e kalẹ̀. Wọ́n bá ara wọn dé ilé ẹjọ́ lórí ẹni tó ni omi, ní oṣù Kìíní 2024 sì ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ìjọba àpapọ̀ láre. Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ ní ti ìforúkọsílẹ̀ àti àyẹ̀wò. Ohun tí àjọ méjèèjì ti ń pariwo tipẹ́tipẹ́ kò yàtọ̀: aṣọ ààbò fún gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀, kí ẹrù má pọ̀ jù, kí ọkọ̀ má rìn lálẹ́. Aṣọ ààbò ọmọdé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọdé. Ti àgbà yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀ nínú omi.

Ẹ tún bọ̀wọ̀ fún ojú ọjọ́. Láti oṣù Kẹta sí Karùn-ún, ìjì lè dédé ṣú láti ìlà-oòrùn ní ọ̀sán tó mọ́lẹ̀ kedere. Nínú ọyẹ́, kùrukùru máa ń bo etí ọ̀sà kejì mọ́lẹ̀. Láti 1984 ni ewéko tó ń léfòó, tó ń so òdòdó elésè àlùkò, sì ti gba ọ̀nà omi Àgbádárìgì wọ Èkó. Ó ń di ojú odò, ó sì ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ojú oró àtijọ́ kò yọ wá lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tèmi. Fún ìdílé ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ní Lẹ́kkí tàbí Ajah, tí wọ́n fẹ́ máa ṣeré lórí ọ̀sà, ọkọ̀ tó tó 19 tàbí 20 ẹsẹ̀ bàtà, tí ìdí rẹ̀ kò jìn jù, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga, tó sì ní ẹ́ńjìnnì kan tí mẹ́káníìkì wà fún ládùúgbò, ni mo fara mọ́. Bó bá di ọjọ́ tí ogún àlejò dé, kí ẹ háyà ọkọ̀ ńlá pẹ̀lú atukọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré fún ilé, ọkọ̀ ńlá fún agbo: bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe é, ó sì bá ọgbọ́n mu.

Kí ẹ tó rà á, ẹ háyà irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí atẹ́gùn ọ̀sán bá ti gbéra, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú gbogbo ẹni tí ẹ rò pé ó máa wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ ìwẹ̀ ṣáájú. Ẹ wá apẹja tó mọ ọ̀sà yín, ẹ fi owó àti ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ kó fi ibi tí iyanrìn wà hàn yín. Ìmọ̀ orí rẹ̀ dàgbà ju ibùdókọ̀ iwájú ilé yín lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín pé kí ló dé tí ọkọ̀ yín kò tóbi tó ti aládùúgbò, ẹ dá a lóhùn pé ọjọ́ tí omi bá yí padà ni ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyẹn. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbèrò láti ra ọkọ̀, kó tó sanwó. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a óò sọ̀rọ̀ lórí àwọn agbẹ́kọ̀ Ìlàjẹ àti bí pákó ṣe rọ́pò ìtì igi lọ́wọ́ wọn. Títí di ìgbà náà, kí omi máa gbè yín o. Ó dàbọ̀.